Bí Eré Bá Wù Mí Tí Kò Wu Ayé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó bá wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò sọ fún wa ohun tí ọmọ náà yóò ṣe nígbà tí gbogbo ará ilé bá yí i ká, tí wọ́n ń fi oúnjẹ tí ó wù ú ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé kí ó gbé àwo rẹ̀ pamọ́ ni? Ṣé kí ó jẹun rẹ̀ tán láì dá ẹnikẹ́ni lóhùn? Tàbí kí ó dìde, kí ó gbèjà oúnjẹ náà? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò, ṣùgbọ́n n kò ní fi oúnjẹ ṣe àpẹẹrẹ. Géèmù ni n ó fi ṣe é. Mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe ṣí ìwé kọjá nítorí pé ẹ gbọ́ orúkọ géèmù. Nínú ọ̀ràn kékeré ni a ti í mọ ìwà ènìyàn.

Kò sí ọ̀dọ́ kan ní Adó-Èkìtì tí kò mọ ilé géèmù. Wọ́n wà lọ́nà Ìwòròkó níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí, wọ́n wà ní Bàsírì, wọ́n wà ní Ajílòsùn. Yàrá kékeré ni, tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, bẹ́ǹṣì pákó, àti jẹnẹrétọ̀ tí ń pariwo lẹ́yìnkùlé. Bọ́ọ̀lù ni ọba níbẹ̀. FIFA ni à ń pè é títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2023 ni àwọn tí ń ṣe é ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí EA Sports FC. Ẹni tí wọ́n bá nà yóò dìde fún ẹlòmíràn, ẹni tí ó bá nà wọ́n yóò máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Èmi pàápàá máa ń gbá a, n kò sì kórìíra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n géèmù kan wà tí ó wù mí ju bọ́ọ̀lù lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan ni ó fún mi ní kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ rẹ̀ ní ọdún tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́, inú rẹ̀ ni mo sì ti bá a. Orúkọ rẹ̀ ni Aurion: Legacy of the Kori-Odan. Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni wọ́n ṣe é ní ìlú Yaoundé, ní ilé iṣẹ́ Kiro'o Games tí Madiba Olivier dá sílẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 2016. Ìtàn ọmọ ọba kan ni, Enzo Kori-Odan, tí àna rẹ̀ gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó gbadé gan-an. Ni òun àti Erine aya rẹ̀ bá di ẹni tí ń rìn ká ayé, tí wọ́n ń wá agbára tí àwọn baba ńlá wọn fi sílẹ̀, kí wọ́n lè fi gba ìtẹ́ wọn padà.

Àbúrò kan wà nínú ọgbà tí mo ń gbé, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Bí iná bá ti wá lálẹ́, òun náà yóò kan ilẹ̀kùn mi. Bí mo ti ń ṣe eré náà ni òun yóò máa ka ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ń sọ. À ń jiyàn bóyá ó yẹ kí Enzo gba ìtẹ́ padà tàbí kí ó fi sílẹ̀. Nígbà mìíràn a óò jiyàn títí iná yóò fi lọ, a óò sì máa bá a lọ nínú òkùnkùn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ yìí tọrọ kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ mi, mo sì fún un. N kò mọ̀ pé ilé géèmù ni yóò gbé e lọ. Nígbà tí mo débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ti gbé e ka orí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣàlàyé ìtàn Enzo fún àwọn ènìyàn. Wọn kò wò ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ̀rín fi sọ. Ọ̀kan ní, "Ṣé géèmù ni èyí àbí fíìmù àgbéléwò?" Òmíràn ní bí wọ́n bá fún òun lówó, òun kò ní í fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ béèrè lọ́wọ́ Bọ̀dá mi, àwọn ló ni ín, àwọn ló fẹ́ràn rẹ̀ jù."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo fi ọwọ́ gbá a dànù, mo ní, "Ẹ má dá a lóhùn jàre. Ọmọdé ló ń ṣe é. Èmi ò ráyè irú ìyẹn."

Ọmọ náà kò fọhùn. Ó pa kọ̀ǹpútà náà dé. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó kan ilẹ̀kùn mi, ó nà án sí mi, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ gba nǹkan yín." Kò wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, kí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi? Ṣé pé n kò fi hàn wọ́n pé géèmù náà dára ni? Rárá. Bóyá kò tilẹ̀ dára tó bí mo ti rò. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo purọ́, irọ́ náà sì jẹ́ irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè bá mi tú. Bí mo bá wí pé géèmù kan dára, ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá wí pé ó wù mí, èmi nìkan ni ẹlẹ́rìí tí ó wà lórí ọ̀ràn náà. Bí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo bá yí ẹ̀rí rẹ̀ padà, ta ni yóò mọ òtítọ́ mọ́?

Èdè wa pàápàá kọ́ wa ní nǹkan níhìn-ín. Yorùbá a máa sọ pé, "Ó wù mí." Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe èmi ni mo ṣe nǹkan nínú gbólóhùn yìí. Nǹkan náà ni ó ṣe mí. Ó bá "òjò pa mí" àti "ebi ń pa mí" dọ́gba. Bí ènìyàn bá wọlé tí aṣọ rẹ̀ tutù, tí ó ní òjò pa òun, ta ni yóò ní kí ó kọ́kọ́ mú ẹ̀rí wá pé òjò náà jẹ́ òjò rere? Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i ni ó ń sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó ní ohun kan wu òun. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé. Gbèsè kan ṣoṣo tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ ni kí ó má ṣe sẹ́ ẹ.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá kọ̀, ó ní ìdí." Òtítọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn kan tí ó lókìkí. Ní ìparí ọdún 1982, ilé iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà gbé géèmù kan jáde tí wọ́n gbé ka orí fíìmù E.T. Howard Scott Warshaw ni ó ṣe é, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n sì fún un. Àwọn ènìyàn kọ̀ ọ́. Ní ọdún 1983, Atari kó ọ̀pọ̀ nínú èyí tí kò tà lọ sí ààtàn kan ní Alamogordo, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀. Ǹjẹ́ àwọn tí ó kọ̀ ọ́ ṣe àṣìṣe? N kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kò tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, àwọn ènìyàn kóra jọ sí ààtàn náà, wọ́n sì dúró nínú eruku títí wọ́n fi hú àwọn géèmù náà jáde. Bí ẹnìkan bá wà láàárín wọn tí ó fi géèmù yìí ṣeré lọ́mọdé, tí inú rẹ̀ sì dùn, àléébù géèmù náà kò sọ ayọ̀ rẹ̀ di irọ́, ayọ̀ rẹ̀ kò sì sọ àléébù náà di ẹwà. Méjèèjì ni ó jẹ́ òtítọ́.

Nítorí náà n kò ní fi àléébù Aurion pamọ́. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Ìjà rẹ̀ a máa jọra wọn títí a óò fi sú ènìyàn. Èdè Faransé ni àwọn tí ó ṣe é fi ń ronú, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì máa ń kọsẹ̀ níbi púpọ̀, èyí tí èmi tí mo ń kọ́ ìmọ̀ èdè kò lè ṣàìrí. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà ohun kan, tí kò lè dárúkọ àléébù rẹ̀, ìfẹ́ ti fọ́ ọ lójú. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó láti dá ẹjọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ọ̀nà ẹ̀tàn méjì ni mo rí tí a fi ń gbèjà ohun tí ó wù wá. Èkínní ni pé, "Tiwa-n-tiwa ni." Mo ti gbìyànjú èyí rí. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé ó yẹ kí ó fẹ́ràn Aurion nítorí pé ọmọ adúláwọ̀ ni ó ṣe é. Ó béèrè pé, "Bí òyìnbó bá ṣe é ńkọ́, ṣé kò ní í wù ọ́ mọ́?" N kò lè dá a lóhùn. Àwọn tí ó ṣe géèmù yìí kò tọrọ báárà lọ́wọ́ wa. Bí mo bá fi àánú gbà á, mo ti fi wọ́n wọ́lẹ̀. Èkejì ni pé, "Ọlọ́gbọ́n nìkan ni ó lè mọ adùn rẹ̀." Ìgbéraga ni ìyẹn. Ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní Bàsírì kò gọ̀ ju èmi lọ.

Báwo wá ni ó ṣe yẹ kí a gbèjà rẹ̀? Ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Ìyìn-Èkìtì, ìlú ìyá mi, ni mo ti kọ́ ọ. Bàbá yìí fẹ́ràn ayò ọlọ́pọ́n, àwa ọmọdé a sì máa pè é ní eré àwọn arúgbó. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, kí ni ẹ rí nínú ayò yìí?" Kò bínú, kò sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ó sún lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Jókòó." Ó ka ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta sínú ilé méjìlá, mẹ́rin-mẹ́rin, a sì bẹ̀rẹ̀. Ó nà mí lẹ́ẹ̀mẹta. Òun ni ọ̀ta, èmi ni ọ̀pẹ. Nígbà tí mo dìde, n kò rẹ́rìn-ín ayò mọ́. Bàbá náà kò sọ fún mi pé ayò dára. Ó fi ibi tí òun ti ń rí adùn hàn mí, ó sì fún mi láyè.

Àbúrò mi ṣe gẹ́gẹ́ bí bàbá yẹn ní ọjọ́ Sátidé náà. Ó fún wọn láyè. Èmi ni mo fa bẹ́ǹṣì yọ lábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ọ̀rọ̀ yìí dé. "Ó wù mí" jẹ́ ẹ̀rí, kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó fi owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ kò lè wí fún ìyá rẹ̀ pé ó wu òun. Bí géèmù mi bá mú kí n pa iṣẹ́ mi tì, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bá mi wí. Ohun tí ó bá pa ẹlòmíràn lára, adùn rẹ̀ kò lè gbèjà rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni gbogbo ariwo yìí lórí eré lásán? Ìdáhùn mi nìyí. A kì í kọ́ bí a ti ń sẹ́ ohun ńlá lọ́jọ́ kan. Nínú ohun kékeré ni a ti ń kọ́ ọ. Mo mọ àwọn ọmọ Èkìtì nínú kíláàsì wa tí "ulé" àti "uṣu" wà lẹ́nu wọn láti kékeré, ṣùgbọ́n bí àwọn ará ìlú mìíràn bá ti wọlé, "ilé" àti "iṣu" ni wọn yóò máa sọ, tí wọn yóò sì tún bá wọn fi ẹni tí ó gbàgbé ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo wà lára wọn. Ohùn tí mo fi sẹ́ ohùn ìyá mi ni mo fi sẹ́ géèmù náà, kan náà ni.

Mo ti lọ bá àbúrò mi. Mo ní, "Má bínú. Mo purọ́ lọ́jọ́ yẹn." Ó ní kò sí nǹkan. Mo tún lọ sí ilé géèmù, mo sì sọ fún àwọn tí mo bá níbẹ̀ pé èmi ni mo ni géèmù yẹn, ó sì wù mí. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pa mí. Ọmọ náà kò tíì padà wá kan ilẹ̀kùn mi lálẹ́. Bóyá yóò wá, bóyá kò ní í wá. N kò lè fi ipá mú un, nítorí pé ohun tí ó bá wu òun náà ni yóò ṣe.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kò di dandan kí ẹ fẹ́ràn ohun tí mo fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá nawọ́ sí yín láàárín èrò, tí ó ní, "Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, àwọn náà fẹ́ràn rẹ̀," tí òtítọ́ sì ni, mo bẹ̀ yín, ẹ dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.