Ìwúre fún Ẹni tí Egungun Ń Ro

Ìwọ tí egungun ń ro lóru nígbà tí ará ilé ń sùn, ìwọ ni mo dìde dúró wúre fún. Ìwọ tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò tó jẹ́ SS, ìwọ tí àwọn nọ́ọ̀sì ti mọ orúkọ rẹ, tẹ́tí gbọ́ mi. Olódùmarè, Ọba tó mọ iye egungun ọmọ Rẹ̀, Ọba tó la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan tín-ín-rín, orúkọ Rẹ̀ ni mo fi wúre yìí.

Ohun tó ń ro ọ́ yóò rọ̀. Ohun tó le mọ́ ọ yóò dẹ̀. Ìrora rẹ yóò di ìrọ̀rùn, ìnira rẹ yóò di ìdẹ̀ra. Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n ń pe àìsàn rẹ. Èmi wí pé o ò ní fòní kú. O ó fòní dìde, o ó fọ̀la dìde, o ó fọ̀túnla jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Àṣẹ.

Mo wúre òye fún ọ, nítorí ọ̀tá tí a bá mọ ibi tó ń gbà wọlé la lè sé ọ̀nà mọ́. Kí o mọ̀ pé kì í ṣe àbíkú ni ọ́, kì í ṣe ayé ló ń ta ọ́ lọ́fà. Hóró ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí róbótó ló tẹ̀ bíi dòjé, tó le, tó ń dí iṣan kéékèèké, tí afẹ́fẹ́ ìyè kò fi dé inú egungun. Ní 1910 ni dókítà James Herrick ní Chicago kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ti ń sunkún ọmọ nítorí rẹ̀ kó tó di ìgbà náà. Ẹkún yẹn kò ní kan ìyá rẹ. Hóró ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Tìrẹ kì í sábà ju 10 sí 20 lọ. Kí Ẹlẹ́dàá máa fi tuntun rọ́pò ògbólógbòó fún ọ. Kí oògùn fólíìkì tí o ń lò lójoojúmọ́ ṣiṣẹ́, kí mùdùnmúdùn inú egungun rẹ má rẹ̀. Àṣẹ.

Omi ni o ó máa mu, omi kò ní wọ́n ọ. Omi yóò máa ṣàn lọ́nà ọ̀fun rẹ, ẹ̀jẹ̀ yóò máa ṣàn nínú iṣan rẹ. Ọyẹ́ yóò dé, kò ní bá ọ láìwọṣọ. Òjò yóò rọ̀, kò ní rọ̀ lé ọ lórí. Ẹ̀fọn yóò kùn, kò ní rí ọ jẹ. Àwọ̀n rẹ yóò dá a padà, oògùn tí dókítà ní kí o fi dènà ibà kò ní tán nílé rẹ. Bí ara bá gbóná lójijì, bí àyà bá ń dùn ọ́ tí èémí kò délẹ̀, o ò ní fi falẹ̀ nílé. Ọkọ̀ tí yóò gbé ọ kò ní bàjẹ́, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò ní dí ọ lọ́nà, o ó bá dókítà lórí ìjókòó. Àṣẹ.

Ọjọ́ tí ìrora líle tí wọ́n ń pè ní crisis bá dé, kí o pàdé ẹni tí yóò gbà ọ́ gbọ́. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wọn ìrora. Ẹnu ẹni tó ń jẹ ẹ́ ló lè sọ bó ti tó. Kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́ ní ẹni tó ń wá oògùn olóró. Bó jẹ́ parasitamọ́ọ̀lù ló ká a, kí wọ́n fún ọ. Bó jẹ́ mọ́fíìnì ló ká a, kí wọ́n fún ọ, lásìkò, ní ìwọ̀n tó tọ́. Kí olùkọ́ má dá ọ dúró nígbà tí o bá fẹ́ mu omi, kó má bínú nígbà tí o bá fẹ́ lọ tọ̀. Kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ má pè ọ́ ní ọ̀lẹ. Àṣẹ.

Bí ìrora bá ju oṣù 3 lọ, tó wà níbẹ̀ kódà nígbà tí crisis ti lọ, kí o má rò pé orí rẹ ló dàrú. Iṣan tó ń jíṣẹ́ ìrora fún ọpọlọ a máa pariwo ju bó ti yẹ lọ nígbà tó bá ti ṣe é pẹ́. Ọba tó dá iṣan yóò pàrọwà fún un. O ó rọra rìn, o ó rọra nara, o ó rọra sinmi, ara yóò sì rọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí ara bá dá, o ò ní fi agbára ọjọ́ 3 ṣe iṣẹ́ òòjọ́ kan. Ọjọ́ tí ara bá wúwo, o ò ní dùbúlẹ̀ títí oríkèé fi gan. Aṣọ gbígbóná tí wọ́n bá fi tẹ̀ ọ́ lára yóò tù ọ́. Bí dókítà bá kọ oògùn hydroxyurea fún ọ, yóò bá ọ lára mu. Yóò jí irú ẹ̀jẹ̀ tí o ní nígbà tí o wà nínú ikùn ìyá rẹ dìde, ìrora yóò sì dín kù. Bí ọkàn rẹ bá sì rẹ̀wẹ̀sì, o ó rí ẹni sọ ọ́ fún. Àṣẹ.

Ìbàdí rẹ kò ní daṣẹ́ sílẹ̀. O ó fi jó níbi ìgbéyàwó rẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AA ni yóò di tìrẹ. Ọmọ tí ẹ bá bí kò ní jẹ irú ìyà yìí. Ìwọ tí ẹ̀jẹ̀ tìrẹ jẹ́ AS, o ó mọ irú ẹ̀jẹ̀ olólùfẹ́ rẹ kí ìfẹ́ tó wọra, nítorí bí AS bá fẹ́ AS, ìdá 1 nínú 4 ni ewu SS nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Ìwọ tí o ń ṣọ́ aláìsàn lóru, oorun yóò dùn mọ́ ọ, o ó jèrè ohun tí o tọ́jú.

Ní gbogbo ọjọ́ 19 oṣù Òkúdù tí ayé yà sọ́tọ̀ fún àìsàn yìí, láàárín àwọn tó ń jẹ́rìí ni wọn yóò ti bá ọ. O ó kàwé, o ó kọ́lé, o ó ṣorí rere. Irun rẹ yóò funfun, eyín rẹ kò ní ká. Wọ́n lè ti sọ fún ìyá rẹ pé o ò ní pẹ́. O ó pẹ́, o ó gbó, o ó tọ́, ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́. Bí mo ti wí i, bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Àṣẹ, àṣẹ, àṣẹ. Àmín.