Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Bí ènìyàn bá dúró nínú ìlú Ìkẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Èkìtì, tí ó gbójú sókè wo àpáta Olósùnta tí ó ga fíofío, tí ó sì rántí bí àwọn baba ńlá wa ti ń péjọ ṣe ọdún rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò ní ṣàì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ń sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di àwùjọ. Ṣé kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ara wọn ti tó, àbí dandan ni kí ojú ó kan ojú?

Lóde òní, ó ṣòro kí a tó rí agbo ilé kan ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré tí kò ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ lórí WhatsApp, níbi tí ọmọ Èkó, ọmọ Lọ́ńdọ̀n àti ọmọ Amẹ́ríkà ti ń kí ara wọn kú ojúmọ́, tí wọ́n ń dáwó fún ìtọ́jú aláìsàn, tí ìròyìn ikú àgbà sì ń kan gbogbo wọn lára kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Èmi kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu èyí. Àìrìn pọ̀ ejò ní ń jẹ ejò níyà. Ohunkóhun tí ó bá mú ọmọ ìyá tí ó fọ́n káàkiri rìn pọ̀, oore ni ó ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìjà dé. Bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá jà nínú agbo ilé nítorí ilẹ̀ baba wọn, kò sí ibi tí ẹnì kan yóò sá gbà fún èkejì: ojúde kan náà ni wọ́n ń gbà jáde, Ọjà Ọba kan náà ni wọ́n ń ná. Olórí ilé yóò ránṣẹ́ pè wọ́n ní ìrọ̀lẹ́. Àbúrò yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì ní dìde títí ẹ̀gbọ́n yóò fi sọ pé kí ó dìde. Níbi tí ó dọ̀bálẹ̀ sí yẹn gan-an ni inú ti ń rọ̀, nítorí kò rọrùn láti máa sọ̀kò ọ̀rọ̀ lu ọmọ ìyá ẹni tí ó da àyà délẹ̀ níwájú ẹni. A ó pa obì, wọn yóò jùmọ̀ jẹ ẹ́ lójú gbogbo ilé. Lórí fóònù ńkọ́? Ẹni tí inú bí yóò fi ìka tẹ ojú fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ nìyẹn. Mo gbà tọkàntọkàn pé àwùjọ tí ó bá rọrùn láti kọ̀ sílẹ̀ báyìí kò lè kọ́ ènìyàn ní ìdáríjì. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò tún pàdé ẹni tí ó ṣẹ òun lọ́la ni ìdáríjì di ọ̀ranyàn fún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìjọsìn. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé wa mọ́lé, tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí pa, ìwàásù ń bá wa nínú yàrá lórí fóònù, a sì dúpẹ́. Síbẹ̀, èjìká kò kan èjìká bí ti ìrun Jímọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bu àkàrà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún ẹnìkejì rẹ̀. Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà ẹni tí ó dá wà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó tì ọ́ ni yóò fura pé o kò jẹun láti àná.

Ilẹ̀kùn kan tún lè kọ́ wa pé àwòrán kò lè rọ́pò ojú. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, àgbà ọ̀nà tí ó ṣiṣẹ́ ní ààfin Àrìnjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn náà fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, nínú èyí tí Kábíyèsí àti òyìnbó aṣojú ìjọba tí ó wá kí i ti kọjú sí ara wọn. Ní 1924 ni wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀n, British Museum sì fi àga ọba ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ lè rí àwòrán rẹ̀ kedere lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ṣùgbọ́n kò lè ti ibẹ̀ wọlé lọ kí ọba.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, ọmọ ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ má ṣe pa ẹgbẹ́ orí fóònù yín tì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá ẹjọ́ kankan níbẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ yín wálé nígbà ọdún Ìjẹṣu tàbí nígbà Kérésìmesì, kí àwọn àgbà tí ń fi ohùn lásán súre fún wọn lè fi ọwọ́ kàn wọ́n lórí.