TA NI Ó NI ÌRỌ̀LẸ́ WA?
Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tí ó ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo rántí. Láti òwúrọ̀ di ìgbà tí a bá ṣíwọ́, ọ̀gá wa ni ó ni wá, ó sì ń san owó rẹ̀ ní ìparí oṣù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a bá ṣíwọ́ iṣẹ́ títí a ó fi sùn ńkọ́? Ta ni ó ni ín?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀fẹ́ ni a rí àkókò náà gbà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè ni ó jà fún un. Ní ọdún 1919 ni àjọ ILO, tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní gbogbo àgbáyé, ṣe ìpàdé rẹ̀ àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí i pé kí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ má ṣe ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́, àti wákàtí 48 lọ́sẹ̀.

Ní Èkó tiwa yìí, ọ̀nà ń jẹ nínú rẹ̀ kí ó tó délé. Wọ́n parí afárá Third Mainland ní 1990. Bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Ní 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàrin Agbádo àti Òyìngbò, ó sì ń dúró ní Mushin àti Yaba. A dúpẹ́ o. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti Erékùṣù bọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá dúró ní Ojúẹlẹ́gba, mọ ohun tí mò ń sọ. Ìrọ̀lẹ́ wa ti wá dà bí ẹran inú ọbẹ̀ ní ilé ọlọ́mọ púpọ̀. Ó kéré, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ sì pọ̀. Ara fẹ́ ìsinmi. Ìyàwó, ọkọ àti ọmọ fẹ́ ìpín tiwọn. Ọpọlọ fẹ́ ẹ̀kọ́. Ọlọ́run sì ni ó ni gbogbo rẹ̀.

Nínú irú ìwé báyìí, àwọn tí a máa ń bá wí ni àwọn tí ń ti ibi iṣẹ́ gba ilé ọtí lọ, àwọn tí ń ta ayò di òru, àti lóde òní, àwọn tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Ìbáwí tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n lónìí, ara mi ni mo fẹ́ bá wí.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, bí mo bá ti ṣíwọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń gbà lọ tààrà. Ọjọ́ Ajé, ìpàdé ìgbìmọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìpàdé ẹgbẹ́. Ọjọ́rú, ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ọjọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ owó ilé kíkọ́. Ọjọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru. Inú mi dùn sí ara mi. Mo ní kò sí ẹni tí ó ń lo àkókò rẹ̀ dáradára bí èmi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń tú lẹ́tà ìjọ lórí tábìlì níwájú ìgbìmọ̀. Mo já ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ pé: "Sí Akọ̀wé Ìjọ. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ fún Dádì mi pé wọ́n ń pè wọ́n ní ilé-ìwé wa nítorí ìṣirò. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Mo mọ ọwọ́ tí ó kọ ọ́. Ọmọ mi obìnrin ni, ó wà ní JSS 2 nígbà náà. Bí mo ti ń jáde nílé ni ó ń sùn, bí mo ti ń wọlé ni ó ń sùn. Ó ti ṣàkíyèsí pé mo máa ń ka lẹ́tà ìjọ, ó sì fi lẹ́tà náà rán ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ará, n kò lè ka àkọsílẹ̀ ìpàdé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Alága ni ó bá mi kà á.

Láti ìgbà náà ni mo ti rí i pé kì í ṣe inú ìkà nìkan ni a ti lè fi àkókò ṣòfò. Ènìyàn lè mú ìpín ẹnìkan san gbèsè ẹlòmíràn. Olúwa wa bá àwọn kan wí nítorí Kọ́bánì: ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú bàbá àti ìyá wọn ni wọ́n ní àwọn ti fi fún Ọlọ́run. Ọlọ́run kò gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Inú tẹ́ḿpìlì ni Élì wà títí ọmọ rẹ̀ méjèèjì fi bàjẹ́. Àwọn àgbà wa náà sọ ọ́: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àbí ilé Ọlọ́run tí à ń kọ́ yìí, ta ni yóò jókòó sínú rẹ̀ lẹ́yìn wa?

Ẹnìkan lè wí pé, "Akọ̀wé, ṣé kí a má wá sí ìpàdé mọ́ ni?" Rárá o. Ẹ jẹ́ kí á rántí bí ìjọ Aládùúrà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú ń pa ènìyàn, lára àwọn tí ó dúró nínú àdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde ni J. B. Sadare, alágbẹ̀dẹ wúrà, àti Sophia Odunlami, olùkọ́ ilé-ìwé. Ènìyàn tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n. Bí irú wọn kò bá yọ̀ǹda àkókò, kì bá tí sí àwa.

N kò sì sọ pé kí ẹni tí ó ń kàwé lẹ́yìn iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Ní 1944, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láìtíì fi ilẹ̀ wa sílẹ̀. Ó dá kàwé ni. Yaba College of Technology sì wà nítòsí wa láti 1947. Ọ̀dọ́ wa tí ó bá lè kọ́ iṣẹ́ kún iṣẹ́, kí ó kọ́ ọ.

Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn tèmi nísinsìnyí ni ti Rúùtù. Ó ṣa ọkà títí di ìrọ̀lẹ́, ó pa á, ó tó éfà kan, ó sì gbé e lọ sílé fún Náómì. Ohun tí ó ṣe ní ìrọ̀lẹ́, ará ilé rẹ̀ bá a jẹ nínú rẹ̀. Ohun tí à ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́, yálà ìwé ni, tàbí òwò, tàbí ìpàdé ìjọ, ǹjẹ́ ará ilé wa ń bá wa jẹ níbẹ̀? Àbí ebi wa ni wọ́n ń gbé sùn?

Èmi mú ọjọ́ méjì sílẹ̀ lọ́sẹ̀ fún ilé. Ìṣirò tí mo kọ́ ní girama ti fò lọ, nítorí náà èmi àti ọmọ mi jọ kọ́ ọ ni. Kò gba ipò kìíní o, ṣùgbọ́n ó yege, àwa méjèèjì sì mọ ara wa.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin àgbà ìjọ, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, ni èyí. Ìpàdé tí a bá pè ní aago 6, kí á má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 7:30. Kí á fi ẹni tí ó bá ti dé bẹ̀rẹ̀, kí á sì parí ní aago 8. Kí ìpàdé tí a ń pe ẹnìkan sí má sì ṣe ju méjì lọ lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí ìsìn. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n Akọ̀wé ni mí, èmi ni mò ń kọ orúkọ ẹni tí ó wá. N kò ì tíì kọ orúkọ àwọn tí ń dúró dè wọ́n nílé rí.

Ní gbogbo àjọ̀dún ni a máa ń gbàdúrà pé kí alẹ́ wa sàn ju òwúrọ̀ wa lọ. Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ òní, torí alẹ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò di alẹ́ ayé wa. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti pín in bí ó ti yẹ, kí a má fi ọwọ́ ara wa ba alẹ́ wa jẹ́. Àmín ní orúkọ Jésù.