Ahoro Ilé Àwọn Sísítà: Ta Ni À Ń Tún Ilé Kọ́ Fún?

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilé àwọn sísítà tó wà ní Iona, erékùṣù kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, kì í ṣe ilé itọ́. Òkúta líle ni wọ́n fi kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1200. Ìjòyè ńlá kan, Ranald ọmọ Somerled, ni ó dá a sílẹ̀. Bethoc, ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin, ni wọ́n sì gbà pé ó kọ́kọ́ ṣe olórí ibẹ̀. Nítorí aṣọ dúdú tí àwọn sísítà náà ń wọ̀, Ṣọ́ọ̀ṣì Dúdú ni àwọn ará erékùṣù ń pe ibẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì Ronan Mímọ́ wà, níbi tí àgbẹ̀ àti apẹja ti ń gbàdúrà tiwọn.

Òfin ni ó wó o, kì í ṣe ìrì. Ní 1560, àwọn aṣòfin Scotland kọ àṣẹ Póòpù sílẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí yóò rọ́pò sísítà tó bá kú. Òrùlé wó, koríko hù.

Ilé àwọn mọ́ńkì tó wà nítòsí wó pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìpín tirẹ̀. Ní 1899, Duke of Argyll, ọlọ́lá tó ni ilẹ̀ náà, fà á lé ìgbìmọ̀ kan lọ́wọ́. Nígbà tí yóò fi di 1910, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ní òrùlé. Ní 1938 ni George MacLeod àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí tún àwọn ilé yòókù kọ́, iṣẹ́ náà sì parí ní 1965. Ṣọ́ọ̀ṣì Ronan pàápàá rí òrùlé gbà ní 1923, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta ojú oórì ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ilé àwọn obìnrin ni ó ṣì ń wo ojú ọ̀run. Ṣé ẹ̀tọ́ nìyí?

Ẹlòmíràn yóò ní ẹni tó kù ni à ń kọ́lé fún. Nígbà Ìfọ́lé ní Abẹ́òkúta ní 1867, wọ́n kó ẹrù ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì jáde. Ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá kò tán, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tuntun sì dúró ní Aké kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́ńkì mélòó ni ó kù ní Iona ní 1899? Kò sí ẹyọ kan. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó kọ Póòpù sílẹ̀, ni wọ́n tún ilé mọ́ńkì kọ́. Orúkọ Columba, tó mú ìhìnrere dé ibẹ̀ ní 563, ni ó gba òrùlé yẹn. Àwọn obìnrin kò ní orúkọ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá kọ́ ilé wọn lónìí, ta ni yóò gbé e? Ilé ìran wíwò lásán ni yóò dà. Ahoro yìí ni àlejò tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ń kọ́kọ́ kàn kí ó tó dé ilé mọ́ńkì. Orúkọ àwọn tó gbé ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó béèrè. Òkúta ojú oórì Anna MacLean, olórí wọn tó kú ní 1543, ṣì wà: wọ́n gbẹ́ ẹ tòun ti aṣọ sísítà rẹ̀, ajá kéékèèké sì wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ìdajì òkúta náà ti fọ́ nígbà tí àjà wó lé e lórí.