Ọ̀ṣun Dákẹ́, Kò Gbà

Ọ̀rọ̀ ohun tí ń bẹ láàárín ọkùnrin àti obìnrin, bí ara ṣe ń dàgbà, bí ọkàn ṣe ń fà síni, bí a ṣe ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àti bí a ṣe ń sọ pé ó tì, ni ọ̀pọ̀ òbí nílẹ̀ Yorùbá ti dì sínú aṣọ, tí wọ́n gbé e ka orí àjà, tí wọ́n sì ń tan ara wọn pé ọ̀wọ̀ ni àwọ́n fi bò ó. Bí a bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní bàbá àwọn kò bá àwọn sọ ọ́, wọn a sì ní ọmọ tí a bá là létí, ojú rẹ̀ yóò là jù. N kò bá wọn jiyàn pé bàbá wọn dákẹ́. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni bóyá Ifá náà bá wọn dákẹ́. Àìgbọ́fá là ń wòkè, Ifá kan kò sí ní párá.

Nínú Odù Ifá tí ń jẹ́ Ìkà Òfún a gbọ́ pé àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀ láti tọrọ ẹ̀mí gígùn, a sì ka èèwọ̀ fún wọn, ọ̀kan nínú èyí tí ó jẹ́ pé kí wọ́n má ṣe wọ odò bí wọn kò bá mọ ìwẹ̀. Wọn kò pa ìkìlọ̀ náà mọ́. Nígbà tí wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi igbe ta pé Ọ̀rúnmìlà ni ó ń pa àwọn, Ẹlẹ́rìí Ìpín sì dá wọn lóhùn pé òun kọ́. Àwọn awo a máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ odò yìí sí pé kí ènìyàn má ṣe fọ́nnu ìmọ̀ tí kò ní, n kò sì ta kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé àgbà ni a kìlọ̀ fún, a kò kìlọ̀ fún ọmọdé. Àgbà tí ó mọ̀ pé odò ìbàlágà ń bẹ níwájú ọmọ, tí ó mọ̀ pé kò sí afárá tí ọmọ lè gbà yẹra fún un, tí kò sì kọ́ ọ ní ìwẹ̀, àfi ọjọ́ tí omi bá gbé ọmọ lọ ni ó tó ń pariwo pé fóònù ni ó fà á, pé ẹgbẹ́ búburú ni ó fà á: igbe wo ni ó ń ké bí kò ṣe igbe àwọn mẹ́rìndínlógún ọjọ́sí?

Ẹ wo ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìyá rẹ̀ pè é wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó na pádì sí i, ó sì sọ gbólóhùn kan: "Láti òní lọ, bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́, oyún dé nìyẹn." Ọ̀rọ̀ parí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbé àwo ẹ̀bà lé e lọ́wọ́, ìka wọn kan ara wọn, ọmọ yìí kò sì fojú kan oorun, ó ń tẹ inú ara rẹ̀ wò títí ilẹ̀ fi mọ́. Bópẹ́bóyá yóò mọ̀ pé irọ́ ni, ìyá yóò sì ti pàdánù ẹnu tí ì bá fi sọ òtítọ́ tí ó kù. Ní ti ọmọkùnrin, ẹnikẹ́ni kò pè é wọ yàrá kankan. Ohun tí ó bá rí nínú fóònù ni tíṣà rẹ̀. Ní ọdún 2003 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ètò-ẹ̀kọ́ lórí ìgbé-ayé ẹbí àti àrùn éèdì kalẹ̀ fún ilé-ìwé, síbẹ̀ ẹ ó rí tíṣà tí ó jẹ́ pé, bí ó bá kan orí tí ó sọ nípa ẹ̀yà ìbímọ, yóò pa ìwé dé, yóò ní kí àwọn ọmọ lọ kà á nílé.

Ibi tí Ifá ti la ọ̀rọ̀ yìí yékéyéké jù lọ, lójú tèmi, ni Ọ̀ṣẹ́túrá. Irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá tún ilé ayé ṣe. Ọkùnrin ni mẹ́rìndínlógún, obìnrin kan ṣoṣo tí ń bẹ láàárín wọn ni Ọ̀ṣun, Ṣẹ̀ẹ̀gẹ̀sí olóòyà-iyùn. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí pín iṣẹ́ ayé láàárín ara wọn, wọ́n ṣe igbó, wọ́n ṣe orò, kò sì sí ẹni tí ó yíjú sí i kí ó bi í pé kí ni ó rí sí i. Ọ̀ṣun kò bá wọn jà, kò pariwo, ó dákẹ́. Ni gbogbo nǹkan bá dàrú: òjò kò rọ̀, àgàn kò rí ọmọ bí, ohun tí wọ́n bá sì fi àṣẹ sí kò ṣẹ.

Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n rò pé ẹni tí kò bá ti sọ pé ó tì ti gbà. Àṣìṣe yìí gan-an ni a ń gbìn sí ọmọkùnrin wa lọ́kàn nígbà tí a bá ń sọ fún un pé ojú ni ó ń ti obìnrin, pé rárá obìnrin kì í ṣe rárá, kí ó ṣáà máa tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin tí ó dákẹ́ lè máa bẹ̀rù, ó lè máa wá ọ̀nà àbájáde, ó sì lè má tíì mọ ohun tí ó fẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí í ṣe ìyọ̀ǹda. Àwọn baba wa mọ èyí dé àyè kan, nítorí náà ni wọ́n ṣe ní alárinà tí ń lọ tí ń bọ̀, tí wọ́n sì ń dúró de ìjọ́hẹn ọmọ kí ọ̀rọ̀ tó kan ìdána. Ṣùgbọ́n n kò ní kun ojú wọn ní àtíkè: àwọn kan náà ni ó ń fẹ́ ìkókó sọ́nà fún ọkọ tí kò mọ̀, Ọ̀ṣẹ́túrá sì bá wọn wí bí ó ṣe ń bá wa wí.

Ìrẹtẹ̀ Ogbè fi kún un. Nígbà tí obìnrin tí ń jẹ́ Odù fẹ́ wọ ilé Ọ̀rúnmìlà bí aya, ó sọ èèwọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé òun kò fẹ́ kí àwọn ìyàwó yòókù rí ojú òun. Ọ̀rúnmìlà Akéréfinúṣọgbọ́n kò bi í pé èé ṣe, kò bá a dúnàádúrà, ó gbà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kìlọ̀ fún ilé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ sọ fún pé òun kò fẹ́ kí ó ya àwòrán òun, kí ó mọ̀ pé èèwọ̀ ni a kà fún un.

Ní ti àrùn, mo gbà pé ìtìjú ni ó ń pa wá ju kòkòrò lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóyè Ransome-Kuti, tí ó ti jẹ mínísítà ètò ìlera, jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, ó sọ ọ́ ní gbangba pé éèdì ni ó pa àbúrò òun, Fẹlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti ń pe àrùn náà ní àròsọ sì ronú wò. Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ AA àti AS, tí àwọn ọ̀dọ́ ń bi ara wọn báyìí láìtijú. Ẹnu kan náà ni wọn ì bá fi bi ara wọn nípa àyẹ̀wò éèdì àti àtọ̀sí, bí a bá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a lè bi í. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ wọ inú ètò àjẹsára ìjọba Nàìjíríà ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 fún ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá. Ẹ gbà á fún wọn.

Nígbà tí àwọn mẹ́rìndínlógún padà lọ sun ẹkún sí Olódùmarè lọ́rùn, kò bi wọ́n pé kí ni Ọ̀ṣun ṣe. Bí wọ́n ṣe ń bá ẹni kẹtàdínlógún lò ni ó bi wọ́n. Ní ilé wa, bí ọmọ bá fi omijé wọlé tí ó sọ pé ẹnìkan fipá bá òun lò, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé aṣọ wo ni ó wọ̀, kí ni ó lọ ṣe níbẹ̀. A ó máa ṣe ìwádìí yìí lọ, wákàtí 72 tí oògùn tí ń dènà kòkòrò éèdì fi lè ṣiṣẹ́ yóò sì máa yọ̀ lọ. Ní Èkó, Mirabel Centre tí ó wà nínú ọgbà ilé-ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà ti ń tọ́jú irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2013. Níbòmíràn, ilé-ìwòsàn ìjọba ni kí a sáré lọ. Kí ìyá tó pọn omi ìwẹ̀ fún ọmọ, gẹ́gẹ́ bí àánú yóò ti mú un fẹ́ ṣe, kí ó mọ̀ pé ẹ̀rí ni omi náà yóò ṣàn lọ. Kí ó ká aṣọ tí ọmọ wọ̀ sínú àpò oníwèé, kì í ṣe ọ̀rá, kí àwọn méjèèjì sì máa lọ. Ti ọlọ́pàá àti ti kóòtù lè tẹ̀ lé e.