Ta Ló Ṣe Ìlù Náà?

Nígbà tí mo wà ní JSS 3, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ọnà ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ṣe ohun èlò orin kan láti ilé wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fún wa. Ogún máàkì ni iṣẹ́ náà, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ rà á. Gbogbo wa dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Nígbà tó ku ọ̀la kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà pé, màmá mi ka 4,500 náírà fún bàbá kan tó ń gbẹ́ ìlù, mo sì gbé ìlù kékeré kan tó ń dán gbinrin wálé. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ gbé e sókè níwájú kíláàsì, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wá bi mí pé, "Ṣé ìwọ lo ṣe é?" Mo ní, "Èmi ni, mà." Ó fún mi ní máàkì méjìdínlógún.

Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, mo wà ní SS 2, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Ẹni tó bá ti lọ sí ilé ìwé ní orílẹ̀-èdè wa mọ bí a ṣe ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ á ní ká hun ẹní, ká ṣe abẹ̀bẹ̀, ká di ìgbálẹ̀, ká gbẹ́ odó kékeré. Bí àsìkò rẹ̀ bá tó, àwọn tó ń ta ẹní àti ìgbálẹ̀ ní ọjà Agbálátà á ti mọ̀ kí àwa tó dé, owó ọjà á sì fò sókè. Ní sáà kan, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì wa mú odó wá tí òun fúnra rẹ̀ kò lè gbé kúrò nílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló bá a gbé e dé ẹnu géètì. Olùkọ́ mọ̀. Àwa náà mọ̀ pé olùkọ́ mọ̀. Ó wá dà bí eré kan tí gbogbo wa jọ ń ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá bi mí nígbà náà pé ta ni irú irọ́ yìí ń pa lára, màá ní kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Gbẹ̀rẹ̀fú, ní òdìkejì ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi ló máa ń wọ̀ wá sí ilé ìwé láràárọ̀, òun náà ló sì máa ń wọ̀ padà. Apẹja ni bàbá rẹ̀. Kò sí 4,500 náírà nílé wọn tí wọ́n máa fi ra ìlù, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ṣe tirẹ̀. Ó gé igi àgbọn tó ti ṣubú, ó fi ọ̀bẹ àti iná dá ihò sí i nínú, ó tọrọ awọ ewúrẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó pa ẹran fún ìnáwó kan, ó sì fi èèkàn igi kàn án mọ́ ọn. Ìlù náà wọ́. Irun ṣì wà lára awọ rẹ̀ níbì kan, ó sì ń rùn. Nígbà tó gbé e wọ kíláàsì, a fi ọwọ́ di imú, a rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Máàkì mẹ́sàn-án ló gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ó wá bá mi nídìí igi tí a máa ń jókòó sí. Kò wá jowú. Ó ní, "Jọ̀ọ́, báwo lo ṣe fa awọ tìrẹ tó fi le tó bẹ́ẹ̀? Tèmi ń rọ̀ ni." Ó gbà mí gbọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Nínú gbogbo kíláàsì yẹn, òun nìkan ni kò mọ̀ pé eré là ń ṣe, nítorí òun nìkan ló ṣe iṣẹ́. Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ fún un níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo dáhùn bí ọ̀gá. Mo ní, "Sá awọ náà sóòrùn kó gbẹ dáadáa, kó o wá fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn." Ó lọ sílé, ó tú ìlù rẹ̀ palẹ̀, ó sá awọ náà sóòrùn, ó fà á. Awọ náà ya sí méjì. Ní ọjọ́ Ajé ó sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni òun kò fà á bó ṣe yẹ.

Mo ti gbìyànjú láti mọ ibi tí ẹ̀bi wà gan-an. Ṣé ti màmá mi ni? Ẹja yíyan ló ń tà, owó yẹn kò sì rọrùn fún un. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣé kí ọmọ mi wá gba òdo ni?" Ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Ṣé ti bàbá agbẹ́lù ni? Òun ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣé ríra ìlù ló burú? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láyé àtijọ́ ni iṣẹ́ ẹni tó ń gbẹ́ ìlù ti yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń lù ú. Bí àyàn bá lu dùndún níbi ìnáwó, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ṣé òun ló gbẹ́ igi rẹ̀. Ìlù tí a fi owó rà kì í ṣe ayédèrú ìlù. Ọ̀rọ̀ méjì péré tó jáde lẹ́nu mi ni ayédèrú: "Èmi ni."

Ní SS 1 ni olùkọ́ orin wa sọ fún wa nípa Bàbátúndé Ọlátúnjí. Ojú tì mí pé n kò mọ̀ ọ́n rí, torí pé Àjídò ni wọ́n ti bí i ní 1927, Àjídò tó wà létí ọ̀sà níbí, tí kò jìnnà sí wa. Ó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ Rotary gbà, ó sì lọ sí Morehouse College ní Atlanta, Amẹ́ríkà, ní 1950. Kì í ṣe ìlù ló bá lọ. Iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè ló ní lọ́kàn. Nígbà tó dé New York láti tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló kó àwọn onílù díẹ̀ jọ kó lè rí owó gbọ́ bùkátà. Láti ibẹ̀ ni àwo orin rẹ̀ tó ń jẹ́ Drums of Passion ti jáde ní 1960, tí ilé iṣẹ́ Columbia gbé e jáde, tó sì tàn ká gbogbo ayé. Santana gba orin kan nínú rẹ̀ kọ ní 1969. John Coltrane, afunfèrè ńlá nì, wá ṣeré ní ilé àṣà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Harlem ní 1967, oṣù díẹ̀ kí Coltrane tó kú. Ọlátúnjí fúnra rẹ̀ kú ní 2003.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti dákẹ́ nínú ìtàn yẹn ni ti ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Serge Gainsbourg. Ní 1964 ó gbé àwo kan jáde tó pè ní Gainsbourg Percussions. Orin mẹ́ta níbẹ̀, láti inú Drums of Passion ló ti mú wọn. Ó fi ọ̀rọ̀ Faransé sí wọn, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Orúkọ Ọlátúnjí kò sí lára àwo náà nígbà tó jáde. Gbogbo kíláàsì bínú. Ẹnì kan ní olè ni. Èmi ò lè sọ̀rọ̀. Mo ń wo tábìlì mi.

Olùkọ́ wa wá bi wá ní ohun tó le. Ó ní, "Ọlátúnjí ńkọ́? Ṣé òun ló dá gbogbo ìlù yẹn sílẹ̀?" Ìbéèrè náà dáa, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú àwo yẹn jẹ́ orin àti ìlù ìbílẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń lù kí wọ́n tó bí i. Lọ́dọ̀ àwa ará Badagry, àwọn Ògù ní ìlù kan tí wọ́n ń pè ní sátò, ó ga ju ènìyàn lọ, àwọn tó ń lù ú máa ń jó yí i ká ni. Ta ló ni sátò? Kò sẹ́ni tó lè dìde sọ pé òun ló ni ín. Nítorí náà n kò gbà pé ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá ni a kò gbọdọ̀ lò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní sí orin kankan láyé. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé Ọlátúnjí sọ ibi tó ti gbé e wá fún gbogbo ayé, àtíbẹ̀ lọ ni orúkọ Nàìjíríà ti ń bá ìlù rẹ̀ rìn. Ọwọ́ tó sì fi lù ú, tirẹ̀ ni. Àwọn ọmọ kíláàsì wa kan máa ń gba ìlù láti orí fóònù báyìí, wọ́n á kọrin lé e. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, bí wọ́n bá ti lè sọ pé orí fóònù ni àwọn ti gbà á.

Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni bí ìdáhùn mi ṣe yá tó lọ́jọ́ náà. N kò kólòlò, n kò sì wo ilẹ̀. Mo jókòó ro ibi tí ẹnu mi ti kọ́ ọ. Ní JSS 1, wọ́n ní kí àwọn òbí máa fọwọ́ sí ìwé kan lálaalẹ́ pé a kàwé nílé. Èmi ni mò ń fọwọ́ sí i fún màmá mi. Ní ọjọ́ kìíní, ọwọ́ mi gbọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò gbọ̀n mọ́. Kí sáà tó parí, mo lè ṣe é bí mo ṣe ń jẹun lọ. Bí ènìyàn ṣe ń kọ́ ìlù náà nìyẹn. Mo máa ń fi ìka lu tábìlì lójoojúmọ́, mo máa ń lu ẹsẹ̀ mi nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá bí orin bá ń lọ, ọwọ́ mi sì ti mọ àwọn ìlù kan tí n kò rántí ọjọ́ tí mo kọ́ wọn. Irọ́ náà ní ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí fi dánra wò. Nígbà tí olùkọ́ máa fi bi mí léèrè, ọdún méjì ni mo ti fi ń kọ́ ọ. Ìlù ni n kò kọ́.

Ní ìsinmi tó kọjá, mo padà lọ bá bàbá agbẹ́lù náà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa awọ. Ó ní, "Àbí èyí tí o rà ti ya ni?" Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ti ọ̀rẹ́ mi ló ya. Èmi ni mo ya á." Ó wò mí títí, kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ó ní kí n wá ní Sátidé, kí n má wọ aṣọ tó dáa.

Aṣọ tó dáa kò ní bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ náà lóòótọ́. Sátidé mẹ́ta gbáko, irun ni mò ń fá kúrò lára awọ. Òórùn rẹ̀ á tẹ̀ lé mi wálé, àwọn àbúrò mi á sá fún mi lórí ẹní. Ní Sátidé kẹrin ni Bàbá jẹ́ kí n fa awọ. Inú omi ló ti yọ ọ́, ó ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ó ní tútù ni wọ́n ń fà á, pé bó bá ń gbẹ lórí igi ló máa ń le fúnra rẹ̀, ẹni tó bá fa awọ gbígbẹ máa fà á ya ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀. Mo ní láti dúró díẹ̀ kí n tó lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tí a wọlé, mo tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi dé èbúté lẹ́yìn ilé ìwé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: owó tí màmá mi san, ohun tí mo sọ fún olùkọ́, àti pé n kò mọ nǹkan kan nípa awọ lọ́jọ́ tí mo kọ́ ọ. Ó ń wo omi. Ọkọ̀ kan kún, ó lọ, kò wọ̀ ọ́. Ó wá ní, "Lọ́jọ́ tí awọ yẹn ya, bàbá mi sọ fún mi pé n kò ní ọwọ́ iṣẹ́. Mo gbà á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi yan orin àti iṣẹ́ ọnà nígbà tí a dé SS 1."

N kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Mo ti rò pé awọ ewúrẹ́ kan ni mo bàjẹ́. Mo tọrọ àforíjì, kò dá mi lóhùn lórí ìyẹn. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ó dáa, báwo ni wọ́n ṣe ń fà á?" Mo sọ fún un pé inú omi ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, pé tútù ni wọ́n ń fà á. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ó ku ti máàkì méjìdínlógún. Olùkọ́ wa ti kúrò ní ilé ìwé wa. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ mìíràn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tó lè yí máàkì JSS 3 padà mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lè jẹ́ òtítọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà sórí fóònù tí mo sì pa á rẹ́, nítorí pé gbogbo ìgbà ni mo ń fi màmá mi ṣe àwíjàre nínú rẹ̀. Èkẹrin kò gùn. Mo kọ pé èmi kọ́ ni mo ṣe ìlù yẹn, mo sì kọ pé tí ọ̀rẹ́ mi tó ń rùn, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, láti orí igi àgbọn dé orí èèkàn. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo fi ránṣẹ́. Ó ti kà á. Kò tíì dáhùn.