Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n àti Àmì Ara Àbíkú

"Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè." Bí ìpàdé ẹbí bá gbóná, tí ọ̀dọ́ kan dìde láti béèrè ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ ṣe ètùtù kan, òwe yìí ni wọ́n sábà máa ń pa sí i. Ohun tí wọ́n ń fi sọ fún un ni pé kó jókòó, kó pa ẹnu mọ́. Èmi gbà pé wọ́n ṣi òwe náà lò. Òwe yìí kò ní kí ẹnikẹ́ni má béèrè. Ẹni tó ti dájọ́ kó tó béèrè ló ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Òwe náà kò sọ pé àgbà kì í ya wèrè. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń ya á. Kò sì sọ pé gbogbo ohun tí àgbà bá ṣe ló dára, torí Yorùbá kan náà ló sọ pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ohun tó sọ ni pé nǹkan kan dúró láàárín wa àti èébú náà, nǹkan ọ̀hún sì ni ọgbọ́n tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ọgbọ́n tiwa nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa. Ohun tí ojú wa ti rí rí ni ọgbọ́n tiwa fi ń wọn nǹkan, èyí tó bá sì ti kọjá ìwọ̀n yẹn, wèrè ló máa pè é. Àfi ká yá ọgbọ́n ẹni tó ń ṣe nǹkan náà lò, ká dúró síbi tó dúró sí, ká wo ohun tó ń wò, kí ìṣe rẹ̀ tó lè ní ìtumọ̀ lójú wa.

Iṣẹ́ yìí gan-an ni mo rí pé fìlọ́sọ́fì wà fún nínú ọ̀ràn àṣà ọmọ ènìyàn. Òpìtàn lè sọ ìgbà tí àṣà kan bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ka èèyàn lè sọ iye àwọn tó ń ṣe é. Ó ṣì kù ẹni tí yóò béèrè pé: kí ni àwọn tó ń ṣe é kà sí ìdí tó tó, ǹjẹ́ ìdí náà sì lè dúró bí a bá tì í wò?

Kí ló tilẹ̀ burú nínú kí á pe ènìyàn ní wèrè? A kì í bá wèrè jiyàn. A kì í bi í pé kí ló dé. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ là ń wò, a kì í gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹni tí a bá ti pè bẹ́ẹ̀, a ti yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn lè mú wa yí èrò padà. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ náà wà nìyẹn, ó sì ju ọ̀rọ̀ àìkí àgbà tàbí àìdọ̀bálẹ̀ lọ.

Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí odidi ẹ̀yà ènìyàn rí. Lucien Lévy-Bruhl, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Faransé, kọ ìwé ní 1910 àti ní 1922 láti fi hàn pé àwọn tó pè ní ènìyàn àtètèkọ́ṣe kì í ronú bí àwọn ará Yúróòpù ti ń ronú, pé ọ̀rọ̀ méjì tó tako ara wọn kì í dà wọ́n láàmú. Inú ìròyìn àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn míṣọ́nnárì ló ti ṣa ẹ̀rí rẹ̀ jọ. Àmọ́ ọkùnrin yìí ṣe ohun tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un: kò yé tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ yẹ̀ wò títí tó fi kú ní 1939. Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1949, gbogbo ayé rí i pé ó ti jọ̀wọ́ èrò náà. Ó gbà pé ọ̀nà tí ọkàn ènìyàn ń gbà ṣiṣẹ́ kò yàtọ̀ níbì kan sí ibòmíràn.

Ọ̀ràn kan wà nílẹ̀ wa tí mo fẹ́ fi òwe yìí wọ̀n. Mo mú un nítorí pé ó le. Àbíkú ni.

Ìyá kan bímọ, ọmọ kú. Ó tún bí, ó tún kú. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹbí kò ní sọ mọ́ pé ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló kú. Wọ́n á ní ọmọ kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀, pé ó ní ẹgbẹ́ lọ́run tó ti bá dá ọjọ́ tí yóò padà. Bó bá tún dé, wọ́n á fi orúkọ bẹ̀ ẹ́: Málọmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó. Wọ́n á fi orúkọ halẹ̀ mọ́ ọn: Kòsọ́kọ́, pé kò sí ọkọ́ tí wọn yóò fi gbẹ́lẹ̀ fún un mọ́; Àkísàtán, pé àkísà tí wọn yóò fi dì í ti tán nílé. Bó bá tún kú, àwọn ìdílé kan a máa sàmì sí òkú rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín. Wọ́n á gé e létí, tàbí kí wọ́n fi iná jó ìka rẹ̀. Ìdí méjì ni wọ́n máa ń sọ: kí ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kọ̀ ọ́ nítorí àbùkù ara, àti pé bó bá padà wá, kí wọ́n lè dá a mọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ èyí, tó sì jẹ́ pé ilé-ìwé ló ti kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ikú ọmọ, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ wèrè yóò fi dé e lẹ́nu. Ibí yìí ló yẹ kí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n dá a dúró.

Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà, àti J. Olúbí Ṣódípọ̀, tí àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde ní 1986 lórí ohun tí wọ́n bá àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì jíròrò. Wọ́n jókòó ti àwọn àgbà yẹn gẹ́gẹ́ bí akẹgbẹ́ nínú èrò, wọ́n ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni ènìyàn lè sọ pé òun mọ nǹkan. Ìdáhùn wọn le gan-an. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó lè pè ní ìmọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún un, ì báà jẹ́ bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́, ì báà jẹ́ inú ìwé ló ti kà á, ìgbàgbọ́ ni, ó sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kó dán an wò, kó tó lè kà á mọ́ ohun tó mọ̀. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀pọ̀ nínú wa tó jáde yunifásítì, ìgbàgbọ́ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Ta ni nínú wa ló ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ilẹ̀ ayé ń yí oòrùn po?

Nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn yìí wo àmì ara òkú ọmọ, mo rí ohun tí n kò rí tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń sàmì náà ti gbọ́ pé ọmọ kan náà ló ń padà, àmọ́ gbígbọ́ kò tó wọn. Wọ́n fẹ́ kí ojú wọn ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n wá ọ̀nà tí ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọ̀run yóò fi hàn lára ẹran ara, níbi tí gbogbo ẹbí ti lè wò ó. Apá ibi tí àṣà náà ti jọ wèrè jù ni àwọn tó ń ṣe é ti ń wá ẹ̀rí jù. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé àwọn baba wa kàn gba ọ̀rọ̀ àbíkú gbọ́ bí afọ́jú ni, etí òkú ọmọ tí wọ́n gé ni màá fi dá a lóhùn.

Mo ti yá ọgbọ́n wọn lò, mo sì gbọ́dọ̀ fi ọgbọ́n náà wọn àwọn fúnra wọn. Ìdánwò tí wọ́n ṣe yẹn ní àlébù. Bí wọ́n bá bí ọmọ tó ní àpá létí, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Èyí tí ara rẹ̀ dán, ta ni yóò ròyìn rẹ̀? Wọ́n lè sọ pé ọmọ tuntun ló dé lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì lè sọ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pa àmì náà rẹ́. Kò sí ohun tí ọmọ náà lè bá wáyé tí yóò fi hàn wọ́n pé èrò wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbà Èkìtì tó ní kí á yẹ ìgbàgbọ́ wò kò gbọdọ̀ bínú bí mo bá sọ pé èyí kò tíì tó àyẹ̀wò.

Ohun kan sì wà tí n kò lè fi ọ̀wọ̀ àgbà bò mọ́lẹ̀. Wọ́n a máa ṣe é fún ọmọ tó ṣì ń mí. Wọ́n á sín in ní gbẹ́rẹ́, wọ́n á fi ata ra ojú ọgbẹ́, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè sá jáde. Nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, àwọn kan wà tí eegun wọn ti ń ro wọ́n tẹ́lẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, ìbẹ̀rù sì wà níbẹ̀, mo sì tún sọ pé kò dára. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí mo sọ yìí àti "wèrè ni wọ́n" ni pé mo lè sọ ìdí mi lójú wọn, kí wọ́n sì dá mi lóhùn.

Ìrora eegun yẹn ní àlàyé mìíràn lónìí. Ní 1910, nílùú Chicago, dókítà James Herrick kọ ìwé nípa aláìsàn kan tí horo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé inú hemoglobin ni àrùn náà ti ń wá. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde nílẹ̀ wa nìyí. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ẹni tó gbé ẹyọ kan nínú àbùdá tó ń fa àìsàn yìí, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS, ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà, ìdí nìyẹn tó fi wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló gbé e. Gbogbo àbíkú kọ́ ló jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde, torí ibà àti èéyí náà pa àwọn ọmọ lọ bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn àgbà ti rí kí míkíróskóòpù tó dé: pé ikú yìí kì í pín ara rẹ̀ káàkiri ní dọ́gbadọ́gba, pé ó máa ń padà sí ilé kan náà, sínú ìyá kan náà. Ojú wọn rí òótọ́. Àlàyé tí wọ́n fi lé e ni kò dúró.

"Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì." Òwe kejì yìí ni mo máa ń so mọ́ ti àkọ́kọ́, torí pé òun ni kò jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ lónìí gbéra ga sí ẹni tó mọ̀ lánàá. Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, dókítà yóò sọ fún wọn pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe ní ìdá kan nínú mẹ́rin kí ọmọ jẹ́ SS, ìyẹn ni pé kó ní àìsàn náà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì yóò gbọ́ ọ, yóò sì tún béèrè pé: kí ló dé tó fi jẹ́ èyí, tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Dókítà kò ní ìdáhùn sí ìyẹn. Evans-Pritchard, ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbé láàárín àwọn Azande ní gúúsù Sudan, kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé rẹ̀ ní 1937. Bí àká bá wó lu àwọn tó jókòó sábẹ́ rẹ̀, àwọn Azande mọ̀ dáadáa pé ikán ló jẹ òpó rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bi àjẹ́ léèrè ni ìdí tó fi jẹ́ ìgbà tí àwọn yẹn jókòó síbẹ̀ ló wó. Àbíkú náà ní apá tó ń dáhùn ìbéèrè yẹn, ìbéèrè náà kò sì tíì kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti dáhùn rẹ̀ kò tíì gbọ́ ohun tí ìyá náà ń béèrè.

Ewu kan wà ní òdìkejì, ó sì ń pọ̀ sí i láàárín àwa tí a fẹ́ràn àṣà wa. A lè pe àgbà ní òrìṣà dípò wèrè. Nígbà tí Placide Tempels, àlùfáà ará Bẹ́ljíọ̀m ní Congo, kọ ìwé rẹ̀ nípa fìlọ́sọ́fì àwọn Bantu ní 1945, ó yìn wọ́n, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ bíi pé ọkàn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń lò. Paulin Hountondji, ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tó kú ní 2024, bá irú èrò bẹ́ẹ̀ jà gidigidi nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1983. Ó ní fìlọ́sọ́fì gbọ́dọ̀ ní olóhùn, ẹni tó sọ ọ́ tí ẹlòmíràn sì lè tako. Ó le jù díẹ̀ nínú ohun tó sọ nípa ìwé kíkọ, èmi kò sì bá a lọ dé ibẹ̀; Sophie Olúwọlé, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ọmọ Yorùbá, fi gbogbo ayé rẹ̀ jà fún èrò pé ọ̀rọ̀ ẹnu náà lè ru àríyànjiyàn tó jinlẹ̀, ó sì rán wa létí pé Socrates kò kọ ìwé kankan. Ṣùgbọ́n Hountondji rí nǹkan kan tó ṣe pàtàkì. A kì í bi òrìṣà pé kí ni ìdí rẹ̀, bí a kì í ti í bi wèrè. Ìyìn náà lè pa àgbà lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni ibi tí a ti lè bi àgbà ní ìdí rẹ̀ lónìí. Láyé àtijọ́, kí ẹbí tó gbà kí ọmọ wọn wọ ilé kan, alárinà a máa lọ ṣe ìwádìí: ṣé kò sí wárápá, ẹ̀tẹ̀, wèrè tàbí àbíkú nínú ìdílé náà? Lónìí, ọ̀pọ̀ ìjọ ní Nàìjíríà kì í so ọkọ pọ̀ mọ́ aya láì kọ́kọ́ rí ìwé àyẹ̀wò genotype wọn. Ìwádìí náà kò yí padà, ohun tí wọ́n ń wá ló yí. Àwọn alárinà gbà pé ìgbéyàwó kò mọ sí ẹni méjì, àti pé ọmọ tí wọn kò tíì bí ní ẹ̀tọ́ lórí àwọn tí yóò bí i. Pásítọ̀ tó kọ̀ láti so AS méjì pọ̀ gba ohun kan náà. Àwọn AS méjì tó fẹ́ràn ara wọn, tí wọ́n sọ pé àwọn yóò gba ọmọ tọ́ tàbí pé àwọn kò ní bímọ rárá, ní ìdí tiwọn, ìdí náà kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ gbá a dànù. Mo fẹ́ kí bàbá ìyàwó, pásítọ̀ àti àwọn ọmọ méjèèjì jókòó, kí wọ́n bi ara wọn léèrè, kí olúkúlùkù sọ ìdí tirẹ̀ jáde ní Yorùbá tó yé gbogbo wọn, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá wọ́n á dájọ́ ìyàwó tàbí wọn kò ní dá a.